Bí Ẹ Bá Ti Dí Ihò Náà, Ẹ Sọ Fún Wa

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, WhatsApp gbé ẹ̀dà tuntun áàpù rẹ̀ jáde. Àwọn tó ń lò ó káàkiri ayé nígbà náà tó bílíọ̀nù kan àbọ̀. Bí ẹni tó ń lo iPhone bá wo àlàyé tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀dà tuntun náà, ohun tó máa bá níbẹ̀ ni pé ó ti lè máa rí sítíkà ní títóbi rẹ̀ bó bá tẹ ìfitónilétí tó wọlé mọ́lẹ̀ díẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ fún un pé ẹ̀dà yìí ló ń dí ihò tí àwọn amí ti ń gbà wọ inú fóònù àwọn èèyàn, ihò tí kò béèrè pé kí onífóònù tẹ ohunkóhun tàbí kó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìròyìn ihò náà wà nínú ìwé ìròyìn Financial Times lọ́jọ́ yẹn. Ó wà lójú ewé tí Facebook, tó ni WhatsApp, ti máa ń bá àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀ ààbò. Ilé iṣẹ́ náà sì sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé kí gbogbo èèyàn tètè gba ẹ̀dà tuntun. Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà kò dé ni ojú fóònù fúnra rẹ̀, níbi tí ìyá oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti awakọ̀ ti lè kà á. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ àtúnṣe kò tíì parí níbẹ̀. Kíkéde àtúnṣe ní gbangba, ní èdè tó yé èèyàn, lójú ibi tí èèyàn wà, ara àtúnṣe ni, kì í ṣe ìpolówó tí a lè fò dá.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú ihò tí à ń sọ. Nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ fi sí i lára ni CVE-2019-3568, inú apá WhatsApp tó ń bójú tó ìpè ohùn ló sì wà. Nígbà tí ìpè bá wọlé, áàpù náà máa ń ya àyè tó ní ìwọ̀n sọ́tọ̀ nínú fóònù, kó lè gba àwọn ìsọfúnni kéékèèké tó ń bá ìpè náà bọ̀. Àṣìṣe tó wà nínú ètò náà ni pé bí ìsọfúnni tó wọlé bá pọ̀ ju àyè náà lọ, ìyókù máa ń ṣàn kọjá ààlà lọ sí ibi tí fóònù ń tọ́jú nǹkan mìíràn sí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè to ìṣàn yìí lọ́nà tí fóònù á fi rò pé àṣẹ ni, á sì mú un ṣẹ. Nípa báyìí, ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ lè pè ọ́, kí fóònù rẹ dún lórí tábìlì nígbà tí o wà ní ilé ìdáná, kí o má gbé e, kí iṣẹ́ sì ti parí. Nígbà mìíràn, ìpè náà kì í tilẹ̀ hàn mọ́ nínú àkọsílẹ̀ ìpè nígbà tí onífóònù bá padà dé. Pegasus ni orúkọ sọ́fítíwíà tí wọ́n ń gbà bẹ́ẹ̀ gbé wọlé, ilé iṣẹ́ NSO Group ti orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ló ṣe é. Bó bá ti wọlé, ó lè ka àtẹ̀jíṣẹ́, ó lè tan makirofóònù àti kámẹ́rà. Àdììtú tí WhatsApp fi ń di ọ̀rọ̀ wa kò lè ranni lọ́wọ́ níbí, nítorí ojú ọ̀nà ni àdììtú ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀. Amí yìí kò dúró sójú ọ̀nà rárá, inú fóònù tí ọ̀rọ̀ náà ti máa di kíkà ló jókòó sí.

Àwọn tí wọ́n lé bá nípasẹ̀ ihò yìí, láàárín ìparí oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún náà, tó nǹkan bí 1,400. NSO ní ìjọba nìkan ni òun ń tà fún, àti pé ọ̀daràn àti apániláyà ni wọ́n ń fi irinṣẹ́ òun wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Citizen Lab, àjọ oníwádìí tó wà ní Yunifásítì Tòróńtò, bá WhatsApp tú ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé ó lé ní 100 nínú àwọn èèyàn yìí tó jẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn àti akọ̀ròyìn, ní orílẹ̀-èdè tó tó 20 ó kéré tán. Ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Citizen Lab gbé ìwádìí rẹ̀ lórí Tógò jáde. Lára àwọn tí wọ́n dojú ihò WhatsApp kọ níbẹ̀ ni Benoît Alowonou, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ti Kpalimé, ẹni tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù orílẹ̀-èdè náà, pẹ̀lú àlùfáà Kátólíìkì kan àti àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ́ alátakò. Ohun tó da àwọn èèyàn yìí pọ̀ ni pé wọ́n ń béèrè àtúnṣe nínú ètò ìṣèlú ilẹ̀ wọn. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tí àwọn ọmọ ìjọ ń bá sọ ohun tí wọn kò lè sọ fún ẹlòmíràn, tí ẹlòmíràn sì wà nínú fóònù rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gbà kí ẹnikẹ́ni pe ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lásán.

Mo gbọ́dọ̀ gbóríyìn fún àwọn tó dí ihò náà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni wọ́n fura. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10, wọ́n ti ń fi ìdènà sí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí WhatsApp ń gbà fi ìpè ránṣẹ́, lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀dà tuntun jáde. Kò pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó máa ń yára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe sọ́fítíwíà kò dà bí àtúnṣe tí bíríkìlà wá ṣe sára ògiri ilé ẹni, tó jẹ́ pé bó bá ti palẹ̀ mọ́, ògiri ti dí. Ó dà bí ilẹ̀kùn tuntun tí káfíńtà kàn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún gbogbo ayálégbé àdúgbò. Títí tí oníkálukú fi máa lọ gbé tirẹ̀, ilẹ̀kùn àtijọ́ náà ló ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí káfíńtà bá wá lẹ ìwé mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù pé òun ti ní ilẹ̀kùn tí àwọ̀ rẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀, tí kò sọ pé kọ́kọ́rọ́ ti àtijọ́ ti wà lọ́wọ́ olè, ta ni yóò dìde lọ́jọ́ náà?

Wọ́n lè sọ fún mi pé ìdènà tí wọ́n fi sí kọ̀ǹpútà tiwọn ti tó. Ẹ̀rí wà fún ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fi pamọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ kan ṣáájú kí ẹ̀dà tuntun tó jáde, wọ́n gbìyànjú láti gba ihò yìí wọ inú fóònù agbẹjọ́rò ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn kan ní Ìlú Ọba, àwọn olùwádìí Citizen Lab sì ní ìdènà náà ló jẹ́ kí ìgbìyànjú yẹn já sí òfo. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdènà tó wà lójú ọ̀nà kò tún ohun tó bàjẹ́ nínú fóònù ṣe. Ìwà ìkọlù tí a ti mọ̀ ló máa ń dá mọ̀. Bí ẹlòmíràn bá yí ọwọ́ padà, fóònù tí kò tíì gba ẹ̀dà tuntun ṣì wà bó ṣe wà. WhatsApp fúnra rẹ̀ mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ní kí àwọn akọ̀ròyìn bá òun sọ fún aráyé pé kí wọ́n ṣe update. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe pàtàkì tó láti gbé e fún ìwé ìròyìn, ó ṣe pàtàkì tó láti kọ ọ́ sínú áàpù. Kì í sì í ṣe pé wọn kò ní ọ̀nà. Bí ẹ̀dà WhatsApp tó wà lórí fóònù bá ti pẹ́ jù, áàpù náà máa ń gbé ìkéde kan bo gbogbo ojú fóònù pé ẹ̀dà yìí ti parí iṣẹ́, kí o lọ gba tuntun. Ẹnu tó lè sọ pé áàpù rẹ ti di àgbàlagbà lè sọ pé ihò wà nínú rẹ̀.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní bí a bá pariwo ihò, olè ni a ń júwe ọ̀nà fún. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ wa. Síbẹ̀ Yorùbá ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta. Àwọn tó ń wá ihò fi ṣe iṣẹ́ jẹun kì í dúró de ìkéde. Bí ẹ̀dà tuntun bá ti jáde, wọ́n á gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò láti rí ibi tí àyípadà ti wáyé, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti mọ ibi tí ihò wà. Láti ìgbà tí àtúnṣe bá ti jáde, kò sí àṣírí mọ́ láàárín ilé iṣẹ́ àti olè. Ẹni tí a ń pa á mọ́ fún ni onífóònù. Ohun tí a sì ń béèrè kì í ṣe pé kí wọ́n tẹ ìlànà bí wọ́n ṣe ń gba ihò náà wọlé. Ẹgbẹ́ Project Zero tí Google dá sílẹ̀ ti fi hàn pé a lè ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n máa ń fún ilé iṣẹ́ láti dí ihò. Láti ọdún 2021, bí ilé iṣẹ́ bá dí i láàárín àkókò yẹn, wọ́n tún máa ń dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n tó tú kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ síta, kí àwọn èèyàn lè ráyè gba àtúnṣe. Ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan kan wà láti gbà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, nítorí ó jọ ti WhatsApp, ó sì yàtọ̀ sí i. Log4j jẹ́ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ń fi èdè Java kọ sọ́fítíwíà máa ń lò láti ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ń lọ nínú ètò wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, òṣìṣẹ́ ààbò kan ní Alibaba Cloud ti fi tó àjọ Apache, tó ń bójú tó o, létí pé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá kọ ránṣẹ́ lè sọ Log4j di ìránṣẹ́ rẹ̀, tí yóò lọ gbé àṣẹ wá láti ibòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì mú un ṣẹ. Ibi tí gbogbo ayé ti kọ́kọ́ rí i tó ń ṣiṣẹ́ ibi ni eré Minecraft, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. Ẹnìkan á kàn tẹ ìlà kúkúrú kan sínú àpótí ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà tó ń gbé eré náà á ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, ó parí. Mojang, ilé iṣẹ́ tó ni eré náà, kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, wọ́n sọ fún àwọn tó ń ṣe eré náà ní tààrà pé ewu wà, kí wọ́n pa gbogbo eré tó wà ní ṣíṣí, kí wọ́n sì tún un ṣí kí àtúnṣe lè wọlé fúnra rẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà tiwọn tó ń gbé eré náà ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n tún rántí àwọn tó ń lo ẹ̀dà tí ẹlòmíràn tún ṣe, wọ́n ní àtúnṣe náà lè má dé ọ̀dọ̀ wọn fúnra rẹ̀, kí wọ́n lọ bá ẹni tó fún wọn. Ọmọ ọdún méjìlá lè ka ìkéde yẹn kó mọ ohun tó kàn. Ihò Log4j fi ojú àwọn ilé iṣẹ́ rí màbo, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà bá àwọn tó ń ṣe eré Minecraft sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn tó ni áàpù tí à ń lò lójoojúmọ́ wò kọ́ṣe.

Ẹlòmíràn á ní kíkéde kò tó, pé a ti kéde rí tí kò sẹ́ni tó gbọ́. Òótọ́ ni. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017 fún ihò tí sọ́fítíwíà burúkú kan tó ń jẹ́ WannaCry gbà wọlé ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Àwọn aláṣẹ ìlera ti kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹta àti ní oṣù Kẹrin. Síbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ pé, àjọ ìlera tó tó 80 nínú 236 ni ọwọ́ ìjàǹbá náà bà. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò níbẹ̀ sọ ohun tó fà á: ìkìlọ̀ jáde láti òkè, kò sì sí ètò tí wọ́n fi máa mọ̀ bóyá àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Ìyẹn kò sọ pé kí a dákẹ́. Ó sọ pé ìkéde tí a kò tẹ̀ lé débi tó ń lọ kò tíì pé. Áàpù ìtàkúrọ̀sọ tilẹ̀ sàn ju ilé ìwòsàn lọ ní ti èyí, nítorí ẹni tó ni ín mọ ẹ̀dà tó wà lórí fóònù kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé sórí rẹ̀. Ó lè mọ ẹni tó ti gba àtúnṣe àti ẹni tí kò tíì gbà á, ó sì lè kàn sí ẹni tí kò tíì gbà á nìkan.

A tún ń gbọ́ pé update aládàáṣe ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ èèyàn, pé fóònù á tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí olówó rẹ̀ bá ń sùn. Ẹni tó ń sọ èyí ní Wi-Fi nílé. Lórí fóònù Android, bí Play Store ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀, orí Wi-Fi ló ti sábà máa ń gba update fúnra rẹ̀, àfi bí èèyàn bá lọ yí i padà. Ní Nàìjíríà, dátà orí fóònù ni ọ̀pọ̀ jùlọ èèyàn ń rà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sún mọ́ Wi-Fi láti oṣù dé oṣù. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó lé owó ìpè àti dátà, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń ṣọ́ dátà rẹ̀ lójú méjèèjì kò ní fi gba sítíkà ńlá, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ fún un pé ẹnìkan lè gba inú ìpè wọ fóònù tó fi ń gba owó ọjà, yóò wá dátà náà. Àìsọ̀rọ̀ yìí ló wọ́n jù fún ẹni tí owó dátà ń ni lára, nítorí òun ni fóònù rẹ̀ kò lè tún ara rẹ̀ ṣe lóru.

Ti GB WhatsApp àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló ń lò wọ́n nítorí wọ́n lè fi pamọ́ pé àwọn ti ka ọ̀rọ̀, wọ́n sì lè rí ohun tí ẹlòmíràn ti pa rẹ́. WhatsApp kọ́ ló ṣe wọ́n, nítorí náà àtúnṣe WhatsApp kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, àfi bí ẹni àìmọ̀ tó ṣe wọ́n bá fẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ilé iṣẹ́ ààbò Kaspersky rí i pé sọ́fítíwíà burúkú kan tó ń jẹ́ Triada wà nínú ẹ̀dà kan FMWhatsApp, ọ̀kan lára wọn. Àwọn tó ń lo irú áàpù bẹ́ẹ̀ gba ihò àtijọ́, wọ́n sì fi tuntun kún un. Bí àwọn tó ni áàpù tòótọ́ bá ń sọ ihò tí wọ́n dí ní gbangba nígbàkígbà, yóò rọrùn láti fi han ọmọ ilé ìwé pé òun nìkan ló ṣì wà nínú ilé tí wọn kò tún ṣe.

Ó ku àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ti sú. Wọ́n ní bí ẹ bá dí ọ̀kan, àwọn amí á wá òmíràn. Ìwé ilé ẹjọ́ fi hàn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí WhatsApp dí ọ̀nà tí NSO ń pè ní Heaven ní ìparí ọdún 2018, NSO ṣe Eden, èyí tó kó àwọn 1,400 yẹn. Nígbà tí WhatsApp dí Eden, tó sì gbé NSO lọ sí ilé ẹjọ́ ní Kalifóníà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n tún ń lo òmíràn tó ń jẹ́ Erised títí ó fi kọjá oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Ojú wọn le. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí ó ń ná ẹni tó ń ra ihò: ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Zerodium, tó ń ṣòwò ihò, kéde pé òun yóò san tó mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹni tó bá rí irú ọ̀nà báyìí wọ inú WhatsApp. Ìlọ́po méjì iye tó ń san tẹ́lẹ̀ ni. Bí ihò tó ná mílíọ̀nù dọ́là bá dí kíákíá lórí fóònù gbogbo èèyàn, ẹni tó rà á ti pàdánù. Bó bá dí lórí fóònù ìdajì, ó ṣì lè fi pa owó rẹ̀ padà lára ìdajì tó kù. Ilé ẹjọ́ náà kò sì gbà pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, adájọ́ Phyllis Hamilton dá NSO lẹ́bi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní kí wọ́n san owó ìjìyà tó lé ní mílíọ̀nù 167 dọ́là. Adájọ́ dín in kù sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ní oṣù Kẹwàá, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fojú sun WhatsApp mọ́.

WhatsApp ti ṣe dáadáa sí i láti ìgbà náà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ló ti ní ojú ewé tí wọ́n ń to àwọn ihò tí wọ́n dí sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí ihò mìíràn yọjú, wọ́n fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ nínú áàpù sí àwọn tí wọ́n gbà pé wọ́n ti dojú kọ, tí iye wọn kò tó 200. Mo yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìjàǹbá ti dé bá ni wọ́n ń sọ fún. Ojú ewé yẹn sì wà fún ẹni tó mọ̀ pé ó wà, tó sì gbọ́ èdè àwọn onímọ̀. Ohun tí mo ń béèrè fún rọrùn ju ohun tí wọ́n ti ń ṣe lọ. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá dí ihò tó léwu, kí ìlà àkọ́kọ́ nínú àlàyé rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Kí áàpù náà sọ ọ́ lójú fóònù tí kò tíì gbà á, ní Yorùbá fún ẹni tó ń lo Yorùbá, ní Faransé fún ará Kpalimé. Kí wọ́n sì tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì fún ẹni tí kò tíì gbọ́.

Títí wọn yóò fi ṣe é, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ ṣí Play Store tàbí App Store lónìí, ẹ wá WhatsApp, bí ó bá ní Update, ẹ tẹ̀ ẹ́, kódà bí sítíkà nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ bá àwọn òbí àgbà yín ṣe tiwọn. Bí GB tàbí FM bá wà lórí fóònù yín, ẹ yọ ọ́ kúrò.